Kí ló ń jẹ ìdérí fọ́ọ̀sì nígbà tí ògiri ìsàlẹ̀ ṣì le koko?

Alájà kan tó ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní ìsàlẹ̀ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ ọ̀sà, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ọdún keje rèé tí a kọ́ fọ́ọ̀sì ńlá, kòtò ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, sẹ́yìn ilé wa. Símẹ́ńtì tó wọ́n jù lọ́jà ni mo rà, mo sì dúró ti àwọn tó ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi parí. Nígbà tí ọkọ̀ wá fa ìdọ̀tí níjelòó, ọmọkùnrin tó ṣí i pè mí pé kí n wá wò ó. Abẹ́ ìdérí ń já lulẹ̀, irin ti yọ síta, ó sì ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n ògiri tó wà nínú omi kò ṣe nǹkan kan. Bíríkìlà kan ní ayédèrú símẹ́ńtì ni wọ́n tà fún mi. Èkejì ní yanrìn oníyọ̀ ló fà á, pé kí n jẹ́ kí òun tún un rẹ́, kí òun sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ọmọ mi tó wà ní Kùtọnu ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí n ra oníke. Èwo ni kí n ṣe? Àwa onílé àdúgbò tún fẹ́ para pọ̀ kọ́ ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí kékeré kan. Kí la lè fi kọ́ ọ tí kò fi ní rí báyìí?"

Alájà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí n tó dé orí símẹ́ńtì rárá, nǹkan kan wà tí kò ṣe é fi dọ̀la. Ìdérí tí irin rẹ̀ ti yọ lábẹ́ lè máa dán lókè bíi pé kò sí nǹkan. Ẹ fi igi àti okùn yí i ká lónìí, kí ọmọdé má gbabẹ̀, kí zémi kankan má sì gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ láti lọ wo bó ṣe rí, bí wọ́n tilẹ̀ ti fà á gbẹ. Gáàsì kan wà níbẹ̀ tó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bà jẹ́ nígbà tó bá kéré. Tó bá ti tó nǹkan bí ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, imú kì í gbọ́ ọ mọ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á rò pé òórùn ti lọ. Tó bá ti kọjá 500, kì í pẹ́ tí ènìyàn fi ń dákú, ẹni tó bá sì bẹ́ sílẹ̀ láti gbé e jáde ni ó sábà máa ń di òkú èkejì. Ẹ so fóònù tí iná rẹ̀ ń tàn mọ́ igi gígùn, kí ẹ fi ya fídíò abẹ́ ìdérí láti ẹnu ihò. Ìyẹn tó fún wíwò. Ẹ má sì tan ìtùfù tàbí àbẹ́là láti fi wò ó, nítorí gáàsì tó ń gbiná wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti àwọn bíríkìlà méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò dáadáa, nítorí méjèèjì ló dà bí òótọ́. Ká ní ayédèrú símẹ́ńtì ni, ògiri ni ìbá kọ́kọ́ rọ̀, nítorí inú omi ló wà tọ̀sán-tòru, àpò símẹ́ńtì kan náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ká ní yanrìn oníyọ̀ nìkan ni, irin ni ìbá kọ́kọ́ jẹ. Kọnkéré á là ní ìlà gbọọrọ lójú ọ̀nà ọ̀pá irin, ìpẹtà pupa á máa ṣàn jáde láti ibi tó là, àmọ́ kọnkéré fúnra rẹ̀ á ṣì le tí ẹ bá fi òòlù lù ú. Nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, kọnkéré ló kọ́kọ́ di ẹ̀tù, ẹ̀yìn ìgbà náà ni irin wá yọ. Ohun tó pààlà láàárín ibi tó dára àti ibi tó bà jẹ́ ni ojú omi. Ẹ tún fọ́tò yẹn wò: níbi tí omi dé, àpá ìrẹ́ bíríkìlà ṣì hàn gedegbe lára ògiri, bí ó ṣe fọwọ́ yí irinṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí òkè ibẹ̀, kò sí àpá kankan mọ́, ojú ògiri ti funfun, ó ti wú. Símẹ́ńtì kan náà, yanrìn kan náà, ọjọ́ iṣẹ́ kan náà. Bí ohun tó wà lábẹ́ omi bá yè, tí ohun tó wà lókè omi kú, a jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdọ̀tí tó bá dúró sójú kan láìrí atẹ́gùn kì í pẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí fi ń gbà á. Oríṣi kan nínú wọn kò nílò atẹ́gùn rárá. Súlífeètì, irú iyọ̀ kan tó ní imí ọjọ́, tó wà nínú omi ni ó ń lò dípò rẹ̀, ohun tó sì ń tú jáde ni gáàsì imí ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ní H₂S, òun náà ni èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́. Nínú omi tí wọ́n ti ṣe é, gáàsì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe kọnkéré ní nǹkan. Ìgbà tó bá bọ́ kúrò nínú omi, tó wá bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín omi àti ìdérí, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìdérí máa ń làágùn nígbà gbogbo, gáàsì á sì yọ́ wọ inú òógùn yẹn. Oríṣi kòkòrò mìíràn wà níbẹ̀ tó nílò atẹ́gùn ní tirẹ̀. Imí ọjọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, ohun tó sì ń yà ni ásíìdì súlífúríìkì, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló wà. Ní ọdún 1945, ní Melbourne ní Ọsirélíà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ C. D. Parker yọ kòkòrò yìí jáde lára kọnkéré tí ìdọ̀tí ti jẹ, ó sì fi hàn pé nǹkan alààyè ló ń ṣe ásíìdì náà. Láti ìgbà náà ni kò ti yẹ kí á tún máa bá ẹni tó ta símẹ́ńtì jà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Kọnkéré tuntun kì í ṣe ibi tí kòkòrò lè gbé. Ìwọ̀n pH ló ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó: bó bá ṣe kéré sí i ni nǹkan náà ń kan sí i. Ti kọnkéré tuntun máa ń wà láàárín 12 sí 13, ó sì ń ta wọ́n lára. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú fọ́ọ̀sì àti gáàsì náà á máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi sún mọ́ 9. Ìgbà náà ni àwọn àkọ́kọ́ á ríbi tẹ̀dó, wọ́n á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, títí á fi di 2, tàbí 1 pàápàá. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń dà bíi pé gbogbo nǹkan dára lọ́dún àkọ́kọ́ àti ìkejì, tí ó sì máa ń yára lẹ́yìn náà. Ásíìdì yẹn á bá ẹfun inú símẹ́ńtì pàdé, wọ́n á di jípúsọ́ọ̀mù, ohun kan náà tí àwọn tó ń ṣe staff sí àjà ilé ń lò, àmọ́ tútù ni tibí, funfun, tó rọ̀ bíi wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ọ̀bẹ lè gé e. Yóò máa já sínú omi, ara tuntun á tún yọ fún ásíìdì láti jẹ. Níbi tí gáàsì bá ti pọ̀, mìlímítà mélòó kan ló ń lọ lọ́dún kan. Bí a bá ní kó jẹ́ mìlímítà 3 péré, ọdún 7 ti kó mìlímítà 21. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá fi mìlímítà 20 bo irin lábẹ́ ìdérí, wọ́n ti gbà pé àwọn ṣe dáadáa. Ẹ wá rí i pé fọ́ọ̀sì yín kò yára bà jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àkókò rẹ̀ ló pé.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí fọ́ọ̀sì ẹlòmíì fi pé ogún ọdún. Ooru wà níbẹ̀, àmọ́ gbogbo wa la jọ ń gbé inú rẹ̀. Omi ìdọ̀tí wa kì í sábà tutù ju ìwọ̀n ooru 25 (°C) lọ, nígbà tí ti Yúróòpù lè lọ sílẹ̀ dé 10 tàbí 12 nígbà òtútù, bẹ́ẹ̀ bí ìgbóná bá fi 10 gòkè, iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá gbé pílánù ilé òtútù wá síbí láì tún un ṣe, owó onílé ló ń fi ṣeré. Ohun tó mú ti yín yàtọ̀ ni súlífeètì. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ló ń fọṣọ nílé yín, ọṣẹ oníyẹ̀fun ni wọ́n sì ń lò. Súlífeètì sódíọ̀mù ni wọ́n fi ń sọ púpọ̀ nínú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ di ńlá nínú àpò. Kànga yín tún wà nítòsí ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba Kùtọnu wọ adágún Nokoué, á sì ti ibẹ̀ dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Lítà omi òkun kan sì ní tó mílígíráàmù 2,700 súlífeètì nínú. Ilé tó wà lókè lápá Wándó, lórí ilẹ̀ pupa, tí omi ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń lò, tí ènìyàn mẹ́fà péré ń gbé ibẹ̀, kò lè ní gáàsì tó ti yín. Ìyẹn ni pé bíríkìlà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre: iyọ̀ ọ̀sà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú omi tí ẹ ń lò ló gbà wọlé, kò gba inú yanrìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú kí ẹ tó náwó, ẹ ra bébà pH níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn tàbí nǹkan ilé ìwé. Ẹ ní kí ẹni tó fi ibọ̀wọ́ rọ́bà bo ọwọ́ fi igi ha díẹ̀ nínú ohun funfun náà láti ẹnu ihò, kó lẹ bébà náà mọ́ ọn. Tó bá pupa fòò, tó fi 1, 2 tàbí 3 hàn, ẹjọ́ ti parí. Ibi tí kò bà jẹ́ lábẹ́ omi kò ní pupa bẹ́ẹ̀ láé.

Ní ti símẹ́ńtì tó wọ́n jù tí ẹ rà, owó yín kò ṣègbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ rò ni ó ń ṣe. Nọ́ńbà 32.5 tàbí 42.5 tó wà lára àpò ń sọ bí ó ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù. Kò sọ nǹkan kan nípa ásíìdì, nítorí ẹfun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwọn oníṣòwò kan á tún sọ fún yín pé símẹ́ńtì kan wà tó ń kọ súlífeètì. Òótọ́ ni, ó wà, ó sì wúlò níbi tí súlífeètì inú ilẹ̀ tàbí inú omi bá ń bá ìpìlẹ̀ jà. Ásíìdì ń jẹ òun náà. Ohun tó ń ṣe kọnkéré láǹfààní ju orúkọ símẹ́ńtì lọ ni omi tí wọ́n fi pò ó. Fún ìdérí fọ́ọ̀sì, kílógíráàmù 350 sí 400 nínú mítà onígun kan ni mo máa ń bèèrè, ìyẹn àpò 7 sí 8, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bíi lítà 22 lọ fún àpò kan, pẹ̀lú ìyẹn tó ti wà nínú yanrìn tútù. Ẹ dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pò ó, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa ń da garawa kan sí i kí ó lè ṣàn dáadáa, kí ọwọ́ wọn lè yá. Garawa yẹn gan-an ni ihò tí ásíìdì máa gbà wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán, kí wọ́n fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7, kí irin sì jìnnà sí abẹ́ tó mìlímítà 50. Gbogbo èyí ń fa ọjọ́ gùn ni. Kò sí kọnkéré símẹ́ńtì lásán tí ásíìdì yìí kò ní jẹ.

Ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í bèèrè. Gbogbo wa gbà pé òkúta líle, irú èyí tó wà ní òkè Ìdàáṣà àti Ṣábẹ, ló dára jù fún gbogbo iṣẹ́. Fún òpó ilé, mo gbà. Nínú ásíìdì, òkúta bẹ́ẹ̀ kò ní bá ásíìdì jà láti gba símẹ́ńtì sílẹ̀: ásíìdì á fò ó, á dojú kọ símẹ́ńtì tó dì í mú, òkúta á wá já bọ́ lódindi. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Onígbóló lọ́nà Kétu láti fi ṣe símẹ́ńtì, máa ń bá ásíìdì jà fúnra rẹ̀, á sì jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ símẹ́ńtì. Ìdérí tí a fi òkúta ẹfun ṣe máa ń pẹ́ ju ti òkúta líle lọ nínú irú fọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í ṣe òkúta ẹfun gbogbo ló le tó, ó gba kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ fún fọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kò sì bá ọgbọ́n mu. Ẹ fi èyí pamọ́ fún iṣẹ́ àdúgbò.

Èwo wá ni kí ẹ ṣe? Títún un rẹ́ pẹ̀lú símẹ́ńtì ni ó kéré jù lówó, òun náà ló sì pọ̀ jù ní àdánù, nítorí orí ohun tó ti rà lẹ ó lẹ ìrẹ́ mọ́. Ara tuntun yẹn á já pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ọ̀dà dúdú dára fún ẹ̀yìn ògiri lọ́dọ̀ ilẹ̀, kí omi ilẹ̀ má wọlé. Lábẹ́ ìdérí, yóò bo ojú yín fún ìgbà díẹ̀. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ tó ásíìdì, á gba ibẹ̀ wọlé, á máa jẹ lẹ́yìn ọ̀dà níbi tí ẹ kò ti ní rí i. Epóksì gidi, ọ̀dà oníke tó ń le gan-an, tó nípọn, ni ohun mìíràn pátápátá. Wọ́n ń fi í ṣiṣẹ́ ní ibi ìtọ́jú ńlá káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n kí ó tó lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ha gbogbo ohun tó rọ̀ kúrò, kí wọ́n fi omi alágbára fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, wọ inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí omi ń ti ẹ̀yìn ògiri bọ̀ bíi ti yín, epóksì tó bá wà lára ògiri á máa wú, á sì máa ṣí. Mo ti rí èyí tó ṣí láàárín ọdún kan, owó ńlá ni wọ́n ná sí i.

Símẹ́ńtì fondu tún wà, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1908. Ó ń bá ásíìdì kòkòrò yìí jà ju símẹ́ńtì gbogboogbò lọ ní ìlọ́po, òun ni mo sì fẹ́ràn jù gẹ́gẹ́ bí ìrẹ́ lórí kọnkéré tó ṣì le. Ó wọ́n o, kì í wà lọ́jà ní gbogbo ìgbà, kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ símẹ́ńtì lásán, torí á dì lójú ẹsẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń pò ó. A kì í sì fi í ṣe ìdérí tó ń gbé ẹrù láìjẹ́ pé ẹnjiníà ṣírò rẹ̀, nítorí bí ọjọ́ ṣe ń lọ nínú ooru àti ọ̀rinrin, apá kan nínú agbára rẹ̀ ń dínkù.

Lójú tèmi, Alájà, ìdérí yẹn ti kọjá ohun tí à ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n sì fi ògiri sílẹ̀, nítorí ògiri ṣì dára. Kí wọ́n ha òkè ògiri tó wà lókè ojú omi títí dé ibi tó le, kí wọ́n fi fondu rẹ́ apá yẹn nìkan bí ẹ bá rí i rà. Kí wọ́n wá ṣe ìdérí tuntun ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀, tí ẹ lè gbé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ́ ike HDPE tó nípọn, tó ní eékánná lẹ́yìn, sínú igi ìdà kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Eékánná yẹn á wọ inú kọnkéré, abẹ́ ìdérí á wá di ike pátá. Ásíìdì kì í jẹ HDPE, kì í jẹ PVC. Ojú ibi tí pẹlẹbẹ méjì ti pàdé ni ibi tó lẹ́gẹ́, kí wọ́n dí i dáadáa. Bí ẹ kò bá rí ike eléékánná, ìdérí kọnkéré tó nípọn, tí ìbora irin rẹ̀ tó mìlímítà 50, tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, sàn ju ìlérí tó dùn létí lọ.

Ní ti ohun tí ọmọ yín sọ, kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Fọ́ọ̀sì oníke kò bẹ̀rù ásíìdì rárá. Lókè ní Wándó tàbí ní Kétu, èmi náà ì bá gbà á nímọ̀ràn. Ìsàlẹ̀ Àjàṣẹ́ ló bà á jẹ́. Fọ́ọ̀sì oníke tó ń gba lítà 5,000, tí omi ilẹ̀ bá bò ó pátá nígbà òjò, tí ọkọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á gbẹ, omi á fi agbára tọ́ọ̀nù 5 tì í sókè, bẹ́ẹ̀ ike fúnra rẹ̀ kò wọn ju kílógíráàmù ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Á yọ jáde nínú ilẹ̀, á já gbogbo páìpù. Kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó da kọnkéré ńlá sí ìdí rẹ̀, ẹ ó sì dè é mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, owó rẹ̀ ti kọjá ti ìdérí tuntun dáadáa.

Ohun tí kò ná yín lówó púpọ̀ ni kí ẹ dín gáàsì kù. Bí páìpù tó ń bọ̀ láti inú ilé bá ń da omi sílẹ̀ láti òkè, omi á máa ta, gáàsì á sì máa jáde nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìsopọ̀ onírìísí T sí i, kí ẹnu rẹ̀ wọ inú omi. Kí páìpù atẹ́gùn jẹ́ PVC, kó ga kọjá òrùlé, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà, nítorí oòrùn máa ń sọ PVC di gbígbẹ tó ń ṣẹ́. Irin tí wọ́n fi síńkì bò kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún bi àwọn tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín bóyá wọ́n ń da ásíìdì inú ike tí wọ́n ń tà lójú títì sí i. Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ kọnkéré fúnra rẹ̀, bí ásíìdì bá dé inú omi tó ní imí ọjọ́, gáàsì inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè gba páìpù padà wá bá ẹni tó dà á.

Iṣẹ́ àdúgbò yín yẹ ní ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí n sọ ohun tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi owó kan náà sí gbogbo ibẹ̀. Àwọn adágún gbangba, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìdọ̀tí ọkọ̀ ní Ekpè láàárín Kùtọnu àti Àjàṣẹ́, kì í kó gáàsì jọ sábẹ́ nǹkan kan, kọnkéré lásán tó dára sì lè pẹ́ níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló máa ń lé àwọn aládùúgbò bínú, wọ́n á ní kí ẹ bò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bò ó ni ẹ pe ásíìdì wá. Bí ẹ bá máa bò ó, ẹ ti ṣírò owó ike abẹ́ ìdérí àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde mọ́ ọn. Ibi tó máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ ni àpótí ìgbàwọlé níbi tí ìdọ̀tí ti ń já sílẹ̀ gbì, àti ibi tí wọ́n ń kó ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ jọ sí. Kòtò tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí kò ní gáàsì yìí púpọ̀, àmọ́ omi inú rẹ̀ lè kan díẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá ń yí náítrójìn inú ìtọ̀ padà, nítorí náà ẹ máa wọn pH rẹ̀ kó má baà lọ sílẹ̀ púpọ̀. Àtẹ̀gùn àti ọwọ́ ìdìmú, ike alágbára ni kí wọ́n jẹ́, tàbí irin aláìdípẹtà (inox) oríṣi 316, ẹ má gba oríṣi 304 ní ibi tí gáàsì wà. Wáyà bàbà máa ń dúdú nínú gáàsì yìí, iná á máa kú láìnídìí, nítorí náà àpótí iná kò gbọdọ̀ wà lórí kòtò tàbí inú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bíríkì amọ̀ tó jóná dáadáa kò ní ẹfun tí ásíìdì á jẹ, irú rẹ̀ ni ẹnjiníà Joseph Bazalgette fi kọ́ ọ̀nà ìdọ̀tí London lẹ́yìn òórùn ńlá ọdún 1858, wọ́n sì ń lò ó di òní. Àmọ́ símẹ́ńtì tó wà láàárín bíríkì náà ni ásíìdì á máa wá.

Fọ́tò kò lè sọ fún mi iye tó ṣẹ́ kù nínú irin ìdérí yín, nítorí náà n kò lè sọ bóyá yóò dúró di oṣù tó ń bọ̀ tàbí kò ní dúró. Ẹ wá ẹnjiníà tí yóò wọn ìwọ̀n ọ̀pá irin náà lójú ẹnu ihò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí omi ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ìsinmi ọdún tuntun ló sì bọ́ sí i jù, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní sí nílé. Ẹ ní kí wọ́n fi ihò méjì sí ìdérí tuntun, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè máa fi fóònù wo abẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀.